Abúlé Tó Wà Lábẹ́ Omi

Àrọ̀ tí Oyèládé fi ìwọ̀ fà sókè nínú adágún ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn kò jà rárá. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Nígbà tí Ramlah ìyàwó rẹ̀ la inú ẹja náà nílé wọn ní Sabon Gari, ọkà bàbà ló bá níbẹ̀, gbígbẹ, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù nínú àká.

Oyèládé kò lè jẹun. Àwọn ará GRA tó ń wá gun ọkọ̀ ṣeré lórí adágún náà kò mọ̀ pé abúlé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun mọ̀. Nígbà tí wọ́n sé odò tó di adágún náà, ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òun ni agbaṣẹ́ṣe rán pé kó kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò.

Ní Sátidé kejì, ó padà lọ. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹyẹ kò ké. Láti abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń gbọ́ gbì, gbì, bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó, tí ìró náà ń gba inú pákó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bi í ní èdè Hausa, jẹ́jẹ́, pé ṣé mọ́tò náà ti dé.

Nígbà tó délé, ó jẹ́wọ́ fún Ramlah. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kande kò lè rìn. Òun sì ní kó jókòó, òun á rán mọ́tò sí i. “Mo gbàgbé,” ó wí. “Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ku ẹnì kankan.”

Ramlah ní bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ló padà wá gbé e, kó lọ béèrè.

Ó lọ sí abúlé tuntun tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ, ó béèrè Kande lọ́wọ́ Sànní, baálẹ̀ wọn. Sànní wò ó títí.

“Wọ́n ní mọ́tò yín ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àtìgbà náà la ti ń retí pé ẹ ó dá a padà.”

Oyèládé kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n lọ sí etí adágún, wọ́n kọ ẹ̀yìn sómi, wọ́n kírun òkú fún Kande láìsí òkú. Bí Lèmọ́mù ti kí Àsàlámù àlékún láti parí ìrun náà, ohùn arúgbó kan dáhùn lẹ́yìn wọn, láti inú omi. Òmíràn tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọdé.

Kò sẹ́ni tó yíjú padà. Sànní rọra tẹ ẹnu mọ́ Oyèládé létí.

“Ẹni mélòó lẹ ṣèlérí mọ́tò fún?”