Àwòrán Ọjọ́ Jímọ́ọ̀

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ béèrè ní àdúgbò Sauka Kahuta, lápá Àríwá. Ilé náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ wà láàyè, wọn kì í sì í ṣe òpùrọ́.

Sabirah wà nínú tákàbá, ó jókòó sílé, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Junaid ló kú lójú ọ̀nà Kontagora, ọkọ̀ jóná. Òkú tí wọ́n ti wé ni wọ́n gbé dé. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kí ìyàwó lè máa rántí ojú tó mọ̀. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí Àsárì tó wọlé. Sabirah kò rí ojú ọkọ rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Junaid fẹ́ràn ẹ̀rọ nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú ló rà, kò lè bá fóònù kankan sọ̀rọ̀. Ó wá fi okùn so ó mọ́ àpótí dúdú kékeré kan tó ń kó fọ́tò àti fáìlì gbogbo ilé pa mọ́. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kó wà, tó bá ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí àpótí, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde ní pálọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, á ya fọ́tò ohun tó wà níwájú rẹ̀, á sọ ọ́ di àwòrán onílà, á fi ránṣẹ́ sí Arifah, ọmọ rẹ̀, kó fi àwọ̀ kùn ún.

Fóònù tó fi ń ya fọ́tò náà jóná mọ́ inú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọyẹ́ ń fẹ́. Àdúgbò dákẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, àwọn ọkùnrin ò tíì dé láti mọ́sálásí. Ẹ̀rọ kùn. Bébà kan rọra yọ jáde.

"Mama, Baba ya aiko!" Arifah pariwo. Inú rẹ̀ dùn pé bàbá òun ti fi àwòrán ránṣẹ́.

Afárá kan ni. Sabirah mọ afárá náà, ọ̀nà Kontagora ló wà. Bébà náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Uzair, àbúrò Junaid, ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun náà ló lọ gbé òkú wá. Ó wo àpótí náà yí ká.

"Ìyá Arifah, ẹ má dààmú. Àwòrán àtijọ́ ló há sínú ẹ̀."

"Ó dáa, ọkọ mi kékeré."

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, agbo màlúù ní Maikunkele, tó sún mọ́ ilé, ló jáde. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni. Sabirah wo géètì inú àwòrán náà títí. Géètì irin ni. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Uzair yọ géètì onípáànù àtijọ́, tó gbé onírin síbẹ̀.

"Wallahi, ó ń bọ̀ wálé," ó sọ fún Uzair. "Ọkọ mi ò kú."

"Haba! Ẹ wà nínú tákàbá, ẹ ń sọ báyìí?"

"Ta lẹ sin nígbà yẹn? Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

"Mo rí i." Kíákíá ló dáhùn.

Inú bí Uzair. Ó yọ okùn tó so ẹ̀rọ mọ́ àpótí, ó sì fi í sápò. Sabirah bẹ̀ ẹ́ títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Jímọ́ọ̀ mìíràn dé. Wọ́n kírun tán, kò sí nǹkan kan. Àsárì kọjá. Sabirah jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ìbànújẹ́ tó bò ó lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé opó lòun.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kùn.

Kò sóhun tó so ó mọ́ àpótí mọ́. Síbẹ̀, bébà ń yọ díẹ̀díẹ̀. Fìlà ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, iwájú orí. Ó wá dúró síbẹ̀, ìyókù ojú náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

"Ki cire, Mama," Arifah wí. Ó ti mú báírò aláwọ̀ rẹ̀ dání, ó fẹ́ kí ìyá òun fà á yọ.

Sabirah nawọ́. Bó bá jẹ́ ojú Junaid ló wà níbẹ̀, ta ni wọ́n sin? Bí kò bá sì í ṣe ojú Junaid, ta ló ti ń bọ̀ wá bá wọn láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó fawọ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn Màgàríbì, Uzair wọlé. Ó rí bébà náà, ó tọwọ́ bọ àpò, okùn ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ fà á yọ, ọkọ mi kékeré," Sabirah wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ojú tí ẹ sin."

Uzair kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Ó fi ìka kan bébà náà, kò fà á.

"Ìyá Arifah," ó wí, "èmi náà ò ṣí òkú náà wò."

Títí di bí a ṣe ń wí yìí, bébà náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ti gbé àga dí i, kí ọwọ́ ọmọ má baà tó o.