Fóònù Kejì Tí Rédíò Náà Mọ̀

Inú híjáàbù ni fóònù Toyyibah wà lọ́jọ́ tí Abọ́dúnrìn kọ́kọ́ rí i. Ó tì í bọ ibẹ̀, láàárín aṣọ àti etí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, ó sì ń fi ẹ̀yìn wa Sìẹ́nnà wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbògbò bí ẹni tó ti ń wakọ̀ látinú oyún. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì, òórùn ẹja tútù ti gba gbogbo àgbàlá.

Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mo pẹ́ jù.”

Abọ́dúnrìn ní òun ò bínú rárá.

Ó wo Abọ́dúnrìn, ó wá nawọ́ sí etí ara rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Ipakodo ló ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ti ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, kò sì ṣeé kó padà mọ́.

Kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Rẹ́wáyà ni Abọ́dúnrìn, àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Ọmọ Gbọ̀ngán ni, ọmọ ìjọ ni, ó sì ti ń gbé yàrá kan ní Ìgbògbò láti ọdún mẹ́fà. Toyyibah ní tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé ni. Òun ló ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá fún àwọn oníbàárà Ìkòròdú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú.

Ohun tó gbé e wá kò ju ẹ̀rù lọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, fóònù náà yọ bọ́ láti inú híjáàbù lójú ọ̀nà Ìtóìkín. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, nígbà tí yóò sì fi gbójú sókè, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ló wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ó ní òun fẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa gbé ìpè, tí òun ò ní fọwọ́ kan fóònù rárá.

Abọ́dúnrìn yọ rédíò àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó sì lẹ máìkì kékeré kan mọ́ òkè gíláàsì iwájú. Àṣà rẹ̀ ni pé fóònù tirẹ̀ ló fi ń dán rédíò wò kó tó so ti oníbàárà mọ́ ọn. Bó bá ti parí, á pa orúkọ fóònù rẹ̀ rẹ́, nítorí kò dára kí rédíò ọlọ́kọ̀ máa rántí rẹ́wáyà. Ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ti Toyyibah ni kò pa rẹ́. Kì í ṣe pé ó gbàgbé o. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ lọ síbẹ̀.

Ó kọ́ ọ ní èyí tí yóò máa tẹ̀: bí ìpè bá wọlé, orúkọ ẹni tó ń pè á hàn lójú rédíò, kó tẹ àmì aláwọ̀ ewé, kó sì máa wo iwájú. Toyyibah ní, “Ẹ ṣé, Bọ̀dá Rẹ́wáyà. Tí mo bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ pè mí. Èmi náà á fẹ́ mọ̀.”

Ó pè é kó tó dé Ìtóìkín. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi di oṣù kejì, kò sí òwúrọ̀ ọjọ́ ẹja tí wọn kì í jọ rìn, òun lórí sítíárìn, Abọ́dúnrìn nídìí bátìrì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹja, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. “Bọ̀dá” ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, “ẹ” náà sì ti tẹ̀lé e.

Ohun kan wà tí Abọ́dúnrìn máa ń ṣe tí kò sọ fún un rí. Bó bá ti gbọ́ tí tirafikétọ̀ ọkọ̀ ń ta kó-kó-kó nínú fóònù, á mọ̀ pé ó fẹ́ yà tàbí kó kọjá tírélà kan. Á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ìgbà tí kò bá gbọ́ ọ mọ́ ni yóò tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí Toyyibah tó kíyè sí i. Lọ́jọ́ tó kíyè sí i, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti rí ọkọ.

Bàbá rẹ̀ ni kò rí i bẹ́ẹ̀.

Alàájì Tìrìmísíyù ti kan ọkọ̀ ojú omi fún ogójì ọdún ní Ẹ̀pẹ́, kì í sì í pariwo. Ó gba Abọ́dúnrìn lálejò, ó fún un lómi, ó ní òun gbọ́ pé ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Ta ni yóò máa jí ọmọ mi fún sààrì ààwẹ̀ nínú ilé rẹ?”

Abọ́dúnrìn kò retí rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdílé, ó ti múra fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó dáhùn pé aago inú fóònù yóò jí i.

Alàájì ní, “Fóònù, àbí?” Ó dìde, ó ní kí ó máa lọ láyọ̀, kí ó má sì pe ọmọ òun mọ́.

Ẹ má rò pé Toyyibah kò lágídí. Ó ní in, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ilé ọkọ tí bàbá rẹ̀ kò ní lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Oṣù méjì gbáko kò pè é, Abọ́dúnrìn náà kò pè é. Toyyibah ń wakọ̀ lọ, ó ń wakọ̀ bọ̀, ojú rédíò ṣókùnkùn. Ó dùn ún dé egungun. Abọ́dúnrìn ní tirẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Gbọ̀ngán, títí kan ìbéèrè Alàájì nípa sààrì. Ìyá náà ní òun gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Alàájì jókòó ti ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí i bó ṣe ń wo rédíò náà ní ìwò ẹni tó ń retí. Ó ní kí wọ́n lọ yọ ọ́ kúrò. Toyyibah ní rẹ́wáyà wà ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá ní rárá, oníṣẹ́ ló ń tú iṣẹ́ rẹ̀. Òun kò jẹ́ kí ẹlòmíràn tú pákó ọkọ̀ tí òun kàn rí láyé òun. Kí ọmọkùnrin náà yọ ọ́ níṣojú òun, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó sì ní kí Toyyibah pa fóònù rẹ̀ títí wọn yóò fi padà sílé.

Báyìí ni Sìẹ́nnà tún ṣe wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbògbò. Abọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ kí Alàájì, ó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́, kò jiyàn. Ó wọlé lọ mú skúrùdíráfà. Kò wo ojú Toyyibah, nítorí bó bá wò ó, omi ojú á bọ́.

Rédíò kò mọ̀ pé ìjà wà. Ó wá fóònù Toyyibah, kò rí i, ó bá mú èkejì tó mọ̀, èyí tó wà nínú àpò Abọ́dúnrìn. Kò pẹ́ tí ìpè fi wọlé. “Mọ́mì” ló hàn lójú rédíò. Alàájì rò pé ìyàwó òun ló ń pe ọmọ rẹ̀. Kí Toyyibah tó lanu, ó ti na ìka, ó ti tẹ aláwọ̀ ewé.

Ohùn ìyá àgbà kan gba inú ọkọ̀.

“Abọ́dúnrìn, má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé o wà níbi iṣẹ́. Gbọ́ ni kí o gbọ́. Mo ti bi Wàsílátù tá a jọ ń gbé. Ó ní aago mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń jẹ sààrì. Aago mẹ́rin lèmi ń jí gbàdúrà tèmi láti ọjọ́ yìí. Èmi ni màá máa pe ọmọ náà ní Ìkòròdú láti jí i. Tó bá wá sí Gbọ̀ngán, èmi ni màá kanlẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti ra búta àlùwàlá sílẹ̀ fún un, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Bí bàbá rẹ̀ ò bá tiẹ̀ fi í fún ọ, búta á wà níbẹ̀.”

Abọ́dúnrìn ti sáré jáde, skúrùdíráfà lọ́wọ́. Alàájì gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró.

“Ìyá, ẹ kú ilé o. Bàbá Toyyibah ló ń gbọ́ yín.”

Ohùn náà rẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun, òun ò mọ̀.

“Ẹ ò ṣẹ̀. Ta ló ní kí ẹ ra búta?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n rà á. Ẹni tó ń retí àlejò, ṣé kì í gbé omi sílẹ̀ ni?”

Alàájì yọ fìlà, ó fi nu ojú, ó dé e padà. Ó sọ fún Abọ́dúnrìn pé kí ó gbé skúrùdíráfà padà. Ó ní lẹ́mọ́ọ̀mù àdúgbò àwọn kò ní so yìgì náà fún ọmọ ìjọ, pé kí ẹnikẹ́ni má retí èyí, ó sì dun òun. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ ọmọ ní Ẹ̀pẹ́, òun yóò dá wọn lóhùn dáadáa.

“O ti bi Toyyibah fúnra rẹ̀ léèrè ṣá?”

Abọ́dúnrìn ní òun kò tíì bi í. Alàájì mi orí bí ẹni tó rí ọkọ̀ tí wọ́n kàn láì fi ìṣó sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹja tó tẹ̀lé e, Toyyibah ti kọjá Ìtóìkín nígbà tí orúkọ Abọ́dúnrìn hàn lójú rédíò. Ó tẹ̀ ẹ́. Abọ́dúnrìn kò kí i. Ó ní bí òun bá kí i, ẹnu òun á tún kọ́.

“Toyyibah, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Kó-kó-kó ni ó gbọ́. Tirafikétọ̀ ń dún. Ó pa ẹnu mọ́, ó dúró. Ó gbọ́ ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà. Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú. Kó-kó-kó náà dákẹ́.

“Mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà,” ni Toyyibah wí. “Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo. Tún un sọ.”

Ó tún un sọ.

“Sọ fún mọ́mì kí wọ́n bu omi sínú búta. Mò ń bọ̀.”