Ẹ̀rọ Tó Ń Bọ̀wọ̀ Fágbà

Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ Òkè-Arò ń ti orí òṣùpá wálé ọdún bí ẹni ti oko bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùnní ṣe Atọ́nà. Ọpọlọ irin ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kìlọ̀ ewu fún awakọ̀ òfuurufú. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Bàbá Ajíbógun, ọ̀gá awakọ̀, lẹ́nu.

“Ìbídùnní, ọmọ ta nìyí?” ni Bàbá bi í. “Lọ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a wọ ọkọ̀ kan náà.”

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí. Ó kọ́ Atọ́nà kó máa jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán kó tó lanu. Gbogbo ìlú ló yìn ín. Ẹ̀rọ tó ń kí èèyàn pé “ẹ kú iṣẹ́, sà,” ta ni kò ní fẹ́ràn rẹ̀?

Ọjọ́ ọdún dé. Ọkọ̀ kún, orin ń lọ, àwọn ọmọdé tí wọn kò rí òjò rí ń na ọrùn sí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Ajíbógun gbé ohùn sókè, ó ń fi oríkì kí ìdílé kọ̀ọ̀kan káàbọ̀ sílé. Bó ti ki ti ọ̀tún ló bọ́ sí ti òsì. Ẹ̀rín ń sọ, àtẹ́wọ́ ń dún. Ìkùukùu bo òkè tó wà níwájú. Atọ́nà rí i pé ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì dúró kí Bàbá sinmi ẹnu. Ẹni tó ń ki oríkì kì í sinmi bọ̀rọ̀.

Imú ọkọ̀ gbá òkè. Ìdí rẹ̀ tí èrò jókòó sí já, ó wọ́ lórí koríko títí ó fi dúró. Àwọn èrò jáde, àwọn mìíràn ń tiro, wọ́n sì dì mọ́ ará ilé wọn. Ijó ọpẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú pápá. Bàbá Ajíbógun nìkan ni kò jáde.

Nígbà tí wọ́n bi Atọ́nà pé kí ló dé tí kò kìlọ̀, ó ní Bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbídùnní fomijé sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú pé òun fẹ́ yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò.

“Kí ẹ̀rọ máa wá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wa lẹ́nu?” ni Olóyè Ṣàngólékè, olórí ìgbìmọ̀, fi ohùn líle sọ. “Láyé àwọn bàbá wa…”

Ìyá Wúràọlá, opó Bàbá, kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

“Olóyè, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó máa já a gbà. Ká ní ó já a gbà lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ìbá bínú wọlé. Wọn ìbá bú ẹ̀rọ, kí wọ́n bú Ìbídùnní, kí wọ́n bú èmi náà mọ́ ọn. Èmi ìbá sì gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí wọ́n máa fi ìbínú jẹ ẹ́.”