Bàtà Orogún Ìyá Àgbà

Orí ìkúnlẹ̀ ni Mo-mọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àtijọ́ bàbá àgbà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kun ara táyà kí nọ́ńbà tó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ lè hàn. Táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ní 5.60-15. Ó kọjá sọ́wọ́ òsì, ìyẹn ní 165 R 15. Ó yí sẹ́yìn, ọ̀kan ní 155, èkejì ní 175. Ó ṣí bùtù, ó fa táyà ìpamọ́ jáde, ìyẹn tiẹ̀ bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ pátápátá, 13 ló parí sí. Táyà márùn-ún, ọ̀rọ̀ márùn-ún, àfi bí ìgbà tí èèyàn bi àwọn ọmọ ilé kan léèrè ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò.

"Ṣé o ti rí i?" ni ìyá àgbà bi í láti ojú fèrèsé.

"Mo ti rí i, Ìyá àgbà."

"Kí lo rí?"

"Nọ́ńbà ni, mà."

"Nọ́ńbà wo?"

Ọmọbìnrin náà wo táyà, ó wo ìyá àgbà, ó tún wo táyà. "Mo mọ̀ ọ́n," ló fi dáhùn.

Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ girama, kò tún sí ohun tí wọn ó sọ fún un tí kò ní mọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Mo-mọ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìbọ̀sẹ̀ tó tutù.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kì í pe mọ́tò ní mọ́tò. "Orogún mi" ló ń pè é. Ó ní nígbà tí àwọn wà léwe, mọ́tò ni ọkọ òun máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa lára láàárọ̀ kó tó rántí pé òun náà ti jí. Ojú bàbá àgbà wá ṣú, mọ́tò jókòó sínú ọgbà. Ní báyìí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà, ọjọ́ Sátidé ni ilé ìwòsàn máa jẹ́ kó wálé. Ohun tó sì ní òun fẹ́ fi ojú tuntun kọ́kọ́ rí kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe aya. Mọ́tò òun ni.

"Ẹ wá gbọ́ o," ni ìyá àgbà wí. "Látọjọ́ tí mo ti wà nílé yìí, ipò kejì náà ni mo ṣì wà."

Bàbá Mo-mọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ààyè tí mọ́tò yìí gbà nínú ọgbà ti tó gẹ́ẹ́. Bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbé bàbá mi ní Sátidé, kó máa jókòó. Bí kò bá lè lọ, Onírin á wá wọ́ ọ lọ ní Mọ́ńdè."

Onírin ni ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ kiri àdúgbò bí ẹni tó ń wá òkú gbé. Ọ̀rọ̀ náà já Mo-mọ̀ láyà. Inú mọ́tò yẹn ni bàbá àgbà ti kọ́ ọ ní kíkà, lẹ́tà kan lójú pátákó ẹ̀gbẹ́ títì kan, lẹ́tà kan lójú pátákó mìíràn. Mẹkáníìkì ti tún ẹ́ńjìnì ṣe, táyà nìkan ló kù.

"Ta ló mọ irú èyí tó yẹ ká rà?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tó dáhùn, ẹ sì mọ ohun tó sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù onítáyà tí wọ́n rán Mo-mọ̀ lọ, táyà tò dé àjà, òórùn rọ́bà sì ń ta ni nímú. Onítáyà gbọ́ orúkọ mọ́tò, ó fọwọ́ họ orí.

"Àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn gan-an ti gbàgbé rẹ̀, àbúrò. Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àbí ẹlẹ́sẹ̀ gbàràmù?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́, sà."

"Oníwáyà nínú rọ́bà àbí aláìníwáyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni èwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n."

Onítáyà wò ó títí, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì yí táyà mẹ́rin jáde nínú ọ̀rá tó kún fún eruku. 5.60-15 ló wà lára gbogbo wọn. "Wọn ò tíì fi rìn rí," ló wí. "Wò ó, irun rọ́bà ara wọn ṣì wà níbẹ̀."

Inú Mo-mọ̀ dùn, àmọ́ ojú rẹ̀ bá ohun méjì pàdé. Ara rọ́bà náà sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í fi ìpara. Nínú àmì kékeré kan sì ni nọ́ńbà mìíràn wà: 2304. Ìbéèrè ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí Onírin. Ó rántí bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá nawọ́ béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Onítáyà rí i tó ń wò ó. "O mọ ohun tí ìyẹn ń sọ, àbí?"

"Mo mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni onítáyà wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní ìdánwò ti fò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni wọ́n fi táyà náà sí i, tí wọ́n gbé mọ́tò jáde láti dán an wò. Bàbá Mo-mọ̀ ló ń wà á, mẹkáníìkì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Mo-mọ̀. Ó ní bí orogún òun bá ń ṣeré jáde, ojú òun ni yóò ṣe. Mọ́tò ń lọ geere, àwọn èèyàn ń juwọ́. Mo-mọ̀ ti ń juwọ́ padà bí ìyàwó gómìnà nígbà tí nǹkan dún "pàú" lábẹ́ ọwọ́ òsì, tí gbogbo wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Orogún mi ti yí ẹsẹ̀," ni ìyá àgbà wí.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Táyà ti là bí ẹ̀wà tó jinná jù. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ti ẹ̀yìn náà tú atẹ́gùn sílẹ̀ "fùùù", bí ẹni tó ń bá èkejì rẹ̀ kẹ́dùn.

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Ṣebí o ní o mọ̀?"

Ojú Mo-mọ̀ kún fómi. "Mi ò mọ̀, Dádì. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Mi ò mọ ohun tí nọ́ńbà kankan ń sọ. Mo rí i pé ó sán, mi ò bèèrè."

Ó ń retí ìgbájú. Ohun tó gbọ́ ni ohùn mẹkáníìkì tó ń húkọ́. "Ká má purọ́, èmi náà ò mọ̀. Èmi rò pé ọmọ yìí kà á níléèwé ni."

Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. "Èmi náà rò pé ìwọ mẹkáníìkì mọ̀ ni."

Wọ́n pe onítáyà lórí fóònù. Ó ní òun ò mọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi táyà wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún òun, òun sì rí ọmọ tó dá ara rẹ̀ lójú. Àṣé gbogbo wọn ló ti ń dì mọ́ ara wọn lẹ́yìn nínú òkùnkùn, tí kálukú rò pé ẹni tó wà níwájú mú iná dání.

Takisí ló gbé bàbá àgbà wálé ní Sátidé. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú, ó rí mọ́tò rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, láìní táyà kankan, wọ́n ti tú méjì tó kù náà kúrò.

"Ta ló bọ́ bàtà fún un?" ló bèèrè.

Mo-mọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pa mọ́. Ó wá bèèrè pé, "Bàbá àgbà, nínú táyà àtijọ́ márùn-ún yẹn, èwo gan-an ni tirẹ̀?"

Bàbá àgbà fọwọ́ pa mọ́tò lára. "Ọmọ mi, èyí tí mo bá rí ni mò ń fi sí i. Èmi náà ò mọ̀."

Àárọ̀ Mọ́ńdè, Onírin dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin. Bàbá Mo-mọ̀ ní àdéhùn ni àdéhùn, kó máa wọ́ ọ lọ. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, tí ìyá àgbà wọlé sí i, tó jókòó, tó sì di àpò rẹ̀ mú lórí itan.

"Bí ẹ bá ń gbé orogún mi lọ, ẹ gbé wa pọ̀," ló wí. "Ta ni kí n wá máa bá jà nílé?"

Mo-mọ̀ sún mọ́ Onírin. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tú mọ́tò, ẹ bá mi ṣàlàyé nọ́ńbà táyà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Onírin sọ ẹ̀wọ̀n kalẹ̀. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, "Èló ni?" nìkan ni wọ́n ń bi í. "5.60 yẹn, fífẹ̀ táyà ni, ínǹṣì ni àwọn ará àtijọ́ fi wọ̀n ọ́n. 165 náà, fífẹ̀ ni, mìlímítà ló fi ń ka tiẹ̀. Méjèèjì lè wọ mọ́tò yín yìí. 15 ni ìwọ̀n rímù, irin àárín rẹ̀, ìyẹn ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ti inú bùtù tó ní 13 yẹn, mọ́tò ẹlòmíì ló ni ín."

"2304 ńkọ́, sà?"

Onírin mi orí. "Ìyẹn ni mi ò mọ̀."

Bàbá Mo-mọ̀ ti ń wá a lórí fóònù. "Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2004," ló kà jáde. "Ọjọ́ orí táyà ni." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó dàgbà jù ọ́ lọ."

Onírin ní òun mọ ẹni tó ń ta 165 fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ìgbà tó fi rántí ohun tó bá wá, ó ti ṣèlérí pé òun fúnra òun ni yóò gbé táyà wá. Bàbá Mo-mọ̀ wo ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò, ó kan fọwọ́ ṣe pé kí mọ́tò máa jókòó. Táyà tó kú nìkan ni Onírin rù lọ.

Nígbà tí ó gbé tuntun dé, ó ní, "Ojúlówó ni, mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?" ni Mo-mọ̀ bèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wò ó, ó rí i pé ti ọdún yìí ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde, bàbá àgbà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà lẹ́yìn, tó ń bú orogún rẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìtìjú tó wà nínú "mi ò mọ̀" kì í pẹ́ lójú. Èyí tó wà nínú "mo mọ̀" tí kì í ṣòótọ́, àárín títì ló máa ń bẹ́ mọ́ni. Ẹ béèrè kí ọkọ̀ tó gbéra.