Àwọn Tó Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ẹ̀jẹ̀ bíríkìlà náà mọ́ jù. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń jó bí ààrò, tí kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́, kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo tún gún un níka, mo tún tẹjú mọ́ maikirosikóòpù. Kò sí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀. Ojú ń ta mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀.

“Ẹni tí a kò bá rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ibùsùn fún un,” ni ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò wí. “Kó máa lọ sílé.”

“Sà, àwọn kòkòrò náà lè fara pa mọ́.”

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí kòkòrò náà bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, á máa ṣe pùrótéènì tirẹ̀, á máa tì í jáde sí ara sẹ́ẹ̀lì náà, títí ara sẹ́ẹ̀lì náà á fi yọ kókó-kókó. Kókó yẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka á mọ́ tónítóní, ikú á sì ti kún inú ọpọlọ.

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó fi ìwé pa wá,” ni ọ̀gá wí.

Ìyàwó bíríkìlà di aṣọ mi mú. “Dókítà, ẹ ṣàánú mi. Bí mo bá gbé e délé, ó tán nìyẹn.”

“Kì í ṣe dókítà,” ni ọ̀gá wí. “Èmi gan-an kì í ṣe dókítà.”

Ta ló ṣòfin pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá kí a tó gbà pé ó ń kú? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tí bíríkìlà dùbúlẹ̀ sí, mo fi omi kàn án létè. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

“A ti tún ilé yìí kọ́. Ẹ má wá wa lójú ọ̀nà. Ara ògiri la wà.”

Ìyàwó rẹ̀ fi àárẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ nǹkan mìíràn ju ilé kíkọ́ lọ.”

“Sà, ẹ wá gbọ́.”

Ọ̀gá wọ́ ẹsẹ̀ wá, ó sì tẹ̀ba. Bíríkìlà kò lajú. Ó rọra di ọrùn ọwọ́ ọ̀gá mú.

“Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ni àwọn ohùn náà wí. “A ò gbàgbé oore yín. Gbogbo àwọn tí a gbé inú wọn, ẹ̀yin lẹ máa ń dá wọn padà sílé fún wa.”

Ọ̀gá já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

“Ẹ fún un ní ibùsùn,” ló sọ jẹ́jẹ́.

A gbé e wọlé, a sì fún un lábẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹnu bíríkìlà ni ọ̀gá ń wò. Ẹnu náà ti pa dé. Síbẹ̀, ìdúpẹ́ mìíràn ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn eyín rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí ti èrò púpọ̀ nínú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.