Ọ̀gá Àgọ́ Òkè-Ìrókò

"A ò ní ọlọ́pàá kankan ní Òkè-Ìrókò, màmá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéjọkẹ́ wí. "Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ti àgọ́ yẹn pa. Wọ́n ní kò sí owó tí wọ́n máa fi bójú tó o."

Kàdíjátù di etí tábìlì mú. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí Ìbráhímù àbúrò rẹ̀ ti wà ní àtìmọ́lé ní àgọ́ yẹn gan-an. Kàdíjátù fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ nígbà tí àpò obì rẹ̀ méjì sọnù. Ọ̀gá àgọ́ ní ẹni tó gbé ẹrù ni kí àwọn kọ́kọ́ mú. Ó ti Ìbráhímù, tó fi ọ̀kadà gbé obì náà, mọ́lé, ó gba ọ̀kadà rẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni. Kàdíjátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé ọlọ́pàá gbọ́ ẹjọ́ òun. Nígbà tó padà lọ bẹ̀bẹ̀, ọkùnrin náà ní ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti dé Àkúrẹ́. Ló bá wọkọ̀, ó wá sí Àkúrẹ́.

"Ta ló ṣí àgọ́ náà?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bèèrè.

"Ọ̀gá Lawrence. Oṣù kẹrin rèé. Aṣọ dúdú, ìràwọ̀ méjì léjìká."

"Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ìwé?"

"Ìwé wo? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni baálẹ̀ kọ̀wé síjọba pé kí wọ́n dá ọlọ́pàá padà fún wa. Nígbà tí ọ̀gá dé, a rò pé èsì ìwé ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọlọ́pàá méjì àti Reuben awakọ̀.

Ọ̀sán ni àwọn àti Kàdíjátù dé Òkè-Ìrókò. Àwọn ará abúlé ti kun àgọ́ náà lọ́dà fúnra wọn. Ènìyàn mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ìdájọ́. Ọ̀gá Lawrence dìde, ó kí wọn bí ọlọ́pàá.

"Ta ni ọ̀gá rẹ ní Àkúrẹ́?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni, mà?"

"Káàdì iṣẹ́ rẹ dà?"

"Ó wà ní yàrá. Ẹ jẹ́ n mú un wá."

Ó wọlé, kò jáde. Ọ̀kadà kan dún lẹ́yìn ilé. Kàdíjátù mọ ohùn rẹ̀: ti Ìbráhímù ni. Ọ̀nà oko kòkó ni ọkùnrin náà gbà, ọkọ̀ kò sì lè tẹ̀ lé e.

"Afárá oko ti wó," ni Kàdíjátù wí. "Títì Ìta-Ògbólú ló máa já sí. Ẹ yára."

Wọ́n ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Nígbà tó rí wọn, ó ṣẹ́rí padà, ẹrẹ̀ sì gbé e ṣubú. Ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n Reuben gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù.

"Orúkọ?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bèèrè.

"Kìtán. Káfíńtà ni mí ní Oǹdó."

"Báwo lo ṣe dé àgọ́?"

"Èmi ni wọ́n gbà kí n kó tábìlì jáde lọ́jọ́ tí wọ́n tì í. Kò sẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

"Àwọn ọ̀kadà tó o gbà ńkọ́?"

"Mo ti ta mẹ́fà l'Óǹdó."

"Obì mi ńkọ́?" ni Kàdíjátù bèèrè.

"N ò mọ ẹni tó jí i. N ò wá a."

Wọ́n padà sí àgọ́, wọ́n ṣí àtìmọ́lé. Ìbráhímù jáde, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti padà wá," ló wí. Kàdíjátù dì mọ́ ọn, ó sunkún, kò lè wojú rẹ̀.

Baálẹ̀ Oyèbọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ń mú un lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí olè yìí ti wọṣọ ọlọ́pàá, kò sólè tó wọ oko kòkó mi. Ta lẹ ń fi sílẹ̀ fún wa?"

"Bàbá, n óò kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè."

"Àwa náà kọ ọ́."

Adéjọkẹ́ ní kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì máa lọ sílé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kọjú sí Kàdíjátù. "Màmá, ẹjọ́ obì yín ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá sí Àkúrẹ́ lọ́la, kí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí."

Kàdíjátù wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀.

"Ta lẹ máa kọ́kọ́ mú?"

Kàdíjátù fa Ìbráhímù lọ́wọ́, wọ́n rọra ń lọ sílé.