Ilé Tí Bhadri Gbé Gun Orí Àpáta

Ní ọdún tí ilẹ̀ mì jìgìjìgì ní àfonífojì Kullu tí òkè gíga yí ká, lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, omijé ti tán lójú gbogbo ará abúlé kí wọ́n tó gbé òrìṣà wọn jáde láti wá gbọ́ ẹjọ́ Bhadri. Àwọn ọkùnrin gbé àga òrìṣà náà léjìká, pẹ̀lú àwọn ère ojú òrìṣà tí wọ́n fi fàdákà ṣe tó yí i ká àti aṣọ àrán pupa tí eruku ti sọ di aláwọ̀ ilẹ̀. Àwọn tó ń fun fèrè gígùn níwájú rẹ̀ kò fun ún dé òpin orin kan rí kí wọ́n tó dúró mí. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Wọ́n ti sin òkú títí, wọ́n ti ń sùn nínú pápá láti ìgbà náà, òjò sì ti ń pa wọ́n.

Bhadri jókòó sórí òkúta kan, ó fi aṣọ irun àgùntàn rẹ̀ wé ara, ó sì fi abẹ́rẹ́ fàdákà há a léjìká, bí ó ti yẹ kí aya ilé rere ṣe níwájú òrìṣà. Opó ni. Ohun tí ó ń bẹ̀rù lọ́jọ́ náà ni kí wọ́n má gba oko Tulsu, ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wọn, opó tí ọkọ rẹ̀ kú láìní ọmọkùnrin ló ni oko ọkọ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń gbé inú ilé ọkọ náà. Ìwà rẹ̀ ìbáà dára, ìbáà burú, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá kó jáde ni oko di ti ẹbí ọkọ. Òfin yìí ti pẹ́, kóòtù òyìnbó pàápàá ti gbà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò rí ni pé ilé fúnra rẹ̀ lè kó jáde kí ó fi opó sílẹ̀.

Ilé Tulsu kò kúkú fọ́. Bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ́lé lórí òkè wọ̀nyẹn: ìtì igi kédárì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òkúta láàárín wọn láìsí amọ̀, ìtì mìíràn dábùú wọn, títí dé òrùlé, tí igun ilé sì ń di ara wọn mú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa mì, kì í wó. Àmọ́ bàbá náà fẹ́ràn àṣehàn. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ilẹ̀ rere sílẹ̀ fún ọkà báálì, wọn a kọ́lé sórí àpáta. Òun ní òun fẹ́ sún mọ́ ìsun omi òrìṣà, ó sì kọ́ tirẹ̀ sáàárín oko pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ògiri gbé ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Nígbà tí ilẹ̀ mì, ògiri oko ló kọ́kọ́ lọ. Ilé náà tẹ̀lé e, ó dojú dé. Òkúta pẹlẹbẹ orí òrùlé ló pa Tulsu níbi tí ó ti ń tú màlúù sílẹ̀.

Bhadri ti ránṣẹ́ pe Nokhu, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, pé kí ó wá yẹ ilẹ̀ wò. Nokhu gbẹ́ kòtò kan sójú ilé àtijọ́, ó sì da erùpẹ̀ rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Erùpẹ̀ náà kò kún kòtò.

"Ilẹ̀ yìí ń gbé mì," ni Nokhu wí. "Ó dáa fún báálì. Èèyàn kọ́."

Wọ́n gun òkè díẹ̀ dé orí àpáta kan tí kò sí ohun tí ń hù níbẹ̀ àfi ẹ̀gún. Nokhu sọ ọkọ́ mọ́ ọn, ọkọ́ ta padà. Ó mi ọwọ́ tí ó ń dùn ún. "Ibí ni," ó wí.

Ọ̀rọ̀ àpáta yẹn ló di ẹjọ́. Shukru, àbúrò Tulsu, dìde, ó kí Baálẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó sì wólẹ̀ fún òrìṣà.

"Mi ò bá aya ẹ̀gbọ́n mi jà o," ó wí. "Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dáná láti ayé bàbá wa nìyí. Ibẹ̀ ni ilé. Tí wọ́n bá gun òkè lọ kọ́ òmíì, wọ́n ti jáde nílé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kí wọ́n kúkú wá sọ́dọ̀ wa. Jhinu ìyàwó mi á wá ibì kan fún wọn."

"Ibo nínú àtíbàbà yín?" ni Bhadri bi í. "Ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́?"

"Àwọn ewúrẹ́ wa ò tíì ráhùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bhadri kò rẹ́rìn-ín. "Baálẹ̀, ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè pariwo. Ẹ wo àwọn igi yẹn nílẹ̀. Kò sí èyí tó jẹrà. Èmi ò kúrò nílé ọkọ mi, ilé ọkọ mi ló ṣubú. Tí mo bá gbé ẹni tó ṣubú dìde, tí mo gbé e síbi tó dáa, ṣé ó ti di ẹlòmíì ni?"

Baálẹ̀ kọjú sí òrìṣà. Àga náà dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síhà òkè, àwọn tó gbé e ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tẹ̀lé e. Ẹlẹ́gùn òrìṣà ṣí fìlà, irun rẹ̀ tú sílẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Igi ni ilé," ó wí. "Ibi tí ẹ bá gbé igi lọ, ilé ti lọ síbẹ̀. Igi tuntun kan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

"Ohun tí n ó sọ ní kóòtù nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Igi ni ilé. Bhadri, tí o bá fi igi tuntun ẹyọ kan sí i, ilé tuntun ni, oko ti lọ."

Shukru tún sọ̀rọ̀. "Kí wọ́n fún mi lójú ilé àtijọ́ nígbà náà. Ẹni tó kó ilé ẹ̀ lọ, kí ló tún fẹ́ fi ojú ilé ṣe?"

"Mú un," ni Bhadri wí. "Ṣùgbọ́n má kọ́lé síbẹ̀. O rí kòtò tí Bàbá Nokhu gbẹ́."

"Ẹ ò fẹ́ kí n nílẹ̀ tó dáa ni."

"Shukru, mi ò tiẹ̀ lókun tí mo lè fi purọ́ fún ẹ."

Kò gbà á gbọ́. Àwọn olùṣọ́ igbó ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kédárì fàlàlà mọ́, nítorí náà ó fi òkúta àti amọ̀ mọ ilé rẹ̀, ó sì fi ẹfun kùn ún kí ó lè dà bí ilé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà létí ọ̀nà. Ilé náà wuni. Kí òjò tó dá, ó ti ń sùn nínú rẹ̀.

Ti Bhadri kò yá bẹ́ẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń wọ́ igi gòkè, ìtì kọ̀ọ̀kan, èjìká Bhadri sì bó. Àwọn igi kan ti ṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi òmíràn rọ́pò wọn. Nokhu wọn èyí tó kù, ó tún un wọ̀n, ó jókòó.

"Ilé yìí máa kéré o, ìyá."

"Èmi náà ti kéré, Bàbá. Ẹ máa kọ́ ọ."

Yàrá kan ló jáde níbẹ̀, lókè ibùso màlúù, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kúkúrú. Ní alẹ́, igi rẹ̀ a máa ké bí wọ́n ti ń wá ààyè lára ara wọn. Bhadri a máa dùbúlẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó lọ́kọ sí òdìkejì òkè ránṣẹ́ pé kí ó wá máa bá òun gbé, ó sì wù ú kí ó lọ, kí ó jẹun tí ẹlòmíràn sè. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ pẹ́nrẹ́n, oko ti lọ, yóò sì di àlejò títí yóò fi kú. Kò lọ.

Ìgbà tí yìnyín bo gbogbo òkè ni ilẹ̀ tún mì, ní òwúrọ̀, bí Bhadri ti ń lọ ọkà. Ọlọ sá kúrò níwájú rẹ̀. Ilé náà lọ, ó bọ̀, igi ń dún kíkankíkan, eruku ń tú láàárín òkúta, àwọn màlúù ń ké nísàlẹ̀. Bhadri di òpó mú, kò sá. Sísá ti sú u. Nígbà tí ilẹ̀ dáwọ́ mímì dúró, àwọn òkúta ti padà jókòó sáàyè wọn, ó sì ṣílẹ̀kùn wo ìsàlẹ̀. Kò rí ilé funfun mọ́. Yìnyín nìkan ló funfun níbẹ̀.

Nokhu àti àwọn ọkùnrin abúlé hú Shukru jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ti kú. Jhinu ìyàwó rẹ̀ ti lọ pọn omi, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré lẹ́yìn rẹ̀, òun ló kó àwọn méjèèjì yọ. Bhadri sunkún fún Shukru, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀.

Wọ́n mú Jhinu gòkè wá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró sínú yìnyín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Baálẹ̀ àti àwọn ìbátan Shukru láti abúlé ìsàlẹ̀, àwọn tí a kì í rí nígbà iṣẹ́, tí wọ́n ti ń fojú wo oko Shukru.

"Wọlé," ni Bhadri wí.

"Mi ò lè wọlé, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ò rí wọn ni? Tí mo bá wọlé yín, wọ́n á ní mo ti jáde nílé ọkọ mi. Èmi ò sì bímọ ọkùnrin." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Amọ̀ lásán ni ilé ọkọ mi. Kò sí igi kankan níbẹ̀ tí mo lè gbé."

Bhadri wo àwọn tó dúró. Ó mọ ohun tó yẹ kí òun sọ, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Èjìká tí ó fi wọ́ igi ṣì ń dùn ún. Ó ti jẹ ìyà ilé yìí tán kí ó tó di ti òun nìkan. Ọmọ ẹ̀yìn Jhinu wúkọ́.

"Baálẹ̀," ni Bhadri wí, "inú ilé wo ni wọ́n bí Tulsu sí?"

"Èyí náà ni. Nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀."

"Shukru ńkọ́?"

Baálẹ̀ sún mọ́ ọn. "Èyí náà ni. Bhadri, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Tí mo bá sọ ọ́ ní kóòtù, mi ò ní lè gbà á padà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ọkọ ẹ̀ nìyí. Kò jáde níbì kankan. Ẹ jẹ́ kó wọlé, òtútù ń mú ọmọ."

Jhinu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn kúkúrú náà, ó sì wọlé. Àwọn ìbátan náà dúró díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bhadri koná, ó fún ọmọ ní wàrà gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó ká ẹní rẹ̀ kúrò láàárín yàrá, ó sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, nítorí pé ìdajì ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.